Gìrì Tí Kò Gbọ́ Abẹ́rẹ́

Ibà mú Emmanuella láàárọ̀, gìrì gbé e lọ́sàn-án, ó kú. Ẹyẹ kan sì ké lórí páànù lọ́jọ́ náà. Kí ni àwọn ará Ìyàrá tún ń wá? Wọ́n ní Monica, ìyá bàbá ọmọ náà, ló pa ọmọ-ọmọ rẹ̀ jẹ.

"Okun o, Rachel," ni Lucy ará ilé kejì fi kí i kú ọ̀fọ̀. "Ìwọ ò mọ ẹni tó ń fò wọlé yín ni?"

Rachel, ìyá ọmọ, mọ̀ ọ́n. Ṣebí Monica ló gba oògùn lẹ́nu Emmanuella tó sì dà á nù? Oògùn ni Rachel pè é fún aráyé. Kò jẹ́ sọ pé àgbo ni, ìtọ̀ màlúù tí wọ́n rẹ tábà sí, torí Philip ọkọ rẹ̀ ti búra pé àgbo ò gbọdọ̀ wọ ilé òun.

Nígbà tí gìrì tún gbé Fìyìnfólúwa, ọmọ kan ṣoṣo tó kù, Philip wà lóko. Monica sáré wọlé, ó bá ife lọ́wọ́ Rachel.

"Rachel, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, má fún un! Gbé e lọ ọsibítù!"

"Àjẹ́! O jẹ ọ̀kan, o ò yó!" Ẹnu tó ń pè é ní Màmá lánàá nìyẹn o. Rachel fa ọmọ-odó yọ. Ọmọ́ṣọlá àtàwọn ọ̀dọ́ àdúgbò gbọ́ ariwo, wọ́n sì fi òkò lé arúgbó náà gba ọ̀nà Iffe. Rachel padà wọlé, ó da ife méjì sí ọmọ lẹ́nu. Gìrì ò lọ.

Rachel gbé e lọ ọsibítù ní Kábbà; Philip, tí Ọmọ́ṣọlá ti pè lóko pé àwọn ti lé ìyá rẹ̀ gba ọ̀nà Iffe, bá wọn níbẹ̀. Dókítà gún ọmọ lábẹ́rẹ́, gìrì ò gbọ́. Ó tún gún un, ọmọ ń gbọ̀n sí i.

"Ọwọ́ ìyá mi nìyí," Philip ń sunkún.

Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbóòórùn ẹnu ọmọ. Ó gún ìka ọmọ, ó gba ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó figbe ta pé kí wọ́n gbé omi ṣúgà wá. Wọ́n fà á sí iṣan ọmọ. Díẹ̀díẹ̀ ni ọwọ́ Fìyìnfólúwa rọ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sùn.

"Ìtọ̀ màlúù àti tábà ni," dókítà wí tìbínú-tìbínú. "Ó gbá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí lọ. Abẹ́rẹ́ wo ló fẹ́ dá irú gìrì bẹ́ẹ̀ dúró? Ẹni tó fún un mu ló fẹ́ pa á."

 Rachel rántí Emmanuella, ó rántí ife tó tún bù fún un lẹ́yìn tí Monica da ti àkọ́kọ́ nù tán. Háà, ọwọ́ ara rẹ̀!

"Ta ló fún un mu?" Philip bi í.

Rachel wo ojú ọkọ rẹ̀, ó wo ọmọ tó ń sùn.

"Màmá yín ni."

Philip fa fóònù yọ. "Ọmọ́ṣọlá, ṣé ẹ ṣì wà lọ́nà Iffe? Ẹ má jẹ́ kí ìyá yẹn lọ."