Ka Òní Mọ́ Ọn

Wẹ̀mímọ́ ti tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kan palẹ̀, ó ń na àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ọkùnrin kan yọ láti ọ̀nà òkè nínú oòrùn ọ̀sán, tó gbé kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ lé èjìká. Ẹ̀wù rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Eruku pupa ti kùn ún lójú. Síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé wọ́n pè é wá jẹun.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní.

Ọmọbìnrin náà kò dìde. "Ẹ kú ìrìn. Ike omi mélòó lẹ gbé gun òkè?"

"Ọ̀kan."

"Ọ̀kan! Nínú oòrùn oṣù kejì! Ṣé ẹ ń bá ara yín jà ni?"

Régis ni orúkọ ọkùnrin náà, ọmọ Àjàṣẹ́, olùkọ́ tuntun ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Ṣábẹ̀ẹ́. Ó ń ṣètò ìrìn kẹ̀kẹ́ fún ọ̀rẹ́ mọ́kànlá tó ń bọ̀ láti etí òkun: kí wọ́n gba ọ̀nà Okpara gun àwọn òkè, kí wọ́n sì ti Sakin padà lọ́jọ́ kan náà. Ó fa ìwé ètò náà yọ, ó ń yangàn díẹ̀.

Wẹ̀mímọ́ nu ọwọ́, ó kà á láti òkè dé ilẹ̀. "Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta. Ta ló mú ọjọ́ yìí?"

"Èmi ni. Òní ni ọjà Okpara. Wọ́n ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ná an. Mo ń fi márùn-ún kún un títí, ọjà bọ́ sí ọjọ́ kẹtàlá. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀nà á ti dá."

Ẹ̀rín pa Wẹ̀mímọ́ débi pé ìwé náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣé ẹ kì í nájà ní Àjàṣẹ́ ni? Ẹ gbé ìka yín sókè. Ẹ ka òní mọ́ ọn. Òní, ọ̀la, ọ̀túnla, ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ karùn-ún: ọjà nìyẹn. Ẹ̀yin fo òní, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la. Ọjọ́ kẹrìnlá gan-an ni ọjà! Ẹ fẹ́ kó ènìyàn méjìlá lọ pàdé iṣu, ewúrẹ́ àti alùpùpù lójú ọ̀nà kan ṣoṣo."

Régis wo ìka ara rẹ̀. Ojú tì í, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹ̀rín náà tán.

"Ẹ bá mi tún un ṣe."

"Ẹ jókòó. Ẹ mu omi ná."

Wọ́n sún ìrìn náà sí Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e. Láti ọ̀sán yẹn lọ, bí kíláàsì bá ti tán, Régis a yà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n gun ọ̀nà náà ní abala abala. Wọ́n kọ ibi tí ẹ̀rọ omi wà sílẹ̀, ibi tí igi ní òjìji, àti ibi tí ènìyàn ti gbọ́dọ̀ fi agbára pamọ́. Kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó pé, "ẹ" ti di "o".

"Olùkọ́ mi, o tún ti ń mí bí ewúrẹ́."

"Ojú rẹ ni mò ń wò, ni èémí mi ò ṣe délẹ̀."

"Ọ̀nà ni kí o wò. Ojú mi ò ní kòtò."

Bàbá Wẹ̀mímọ́, Tìmóthì, àgbẹ̀ kajú ni ní Sakin. Òun ló kọ́ ọ ní iṣẹ́ kẹ̀kẹ́. Nígbà tí Régis bá Wẹ̀mímọ́ lọ kí i, tó sì sọ pé òun fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ ṣe aya, àgbàlagbà náà ń ṣa kajú lọ, kò gbójú sókè.

"Ẹ̀yin olùkọ́ etí òkun. Ẹ ó dé lónìí, ìjọba á gbé yín kúrò lọ́la. Wọ́n ní ìwọ ò tilẹ̀ mọ ọjọ́ ọjà. Báwo lo ṣe máa mọ ọjọ́ ìyàwó?"

Wẹ̀mímọ́ yára gbójú sókè, ó ń wo ewé igi.

"Ó dáa," ni bàbá wí. "Kó àwọn èèyàn rẹ gun òkè. Kí gbogbo wọn fi kẹ̀kẹ́ tàbí ẹsẹ̀ ara wọn kọjá níwájú ilé mi kí oòrùn tó wọ̀. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá bá ọkọ̀ dé, má wá béèrè ọmọ mi mọ́."

"Mo gbà, bàbá."

Wọn ò tíì jìnnà sí ilé tí Wẹ̀mímọ́ fi dúró. "O gbà. O ò bi mí."

"Mo ṣì í. Kí ni kí n ṣe?"

"Yọ òkè kẹta kúrò nínú ìwé yẹn. Kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lè yìn ọ́ lo ṣe fi í síbẹ̀. Ó ń fi agbára ṣòfò."

Ọjọ́ méjì ni Régis fi bínú. Ó fẹ́ràn òkè kẹta yẹn. Lọ́jọ́ kẹta ó mú ìwé náà wá, ó ti fa ìlà pupa gba orí òkè náà kọjá.

Wẹ̀mímọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. "Ó dáa. Èmi náà ń bá yín lọ. Ta ló tún máa bá yín tún kẹ̀kẹ́ ṣe?"

Nígbà tí Àbámẹ́ta náà dé, wọ́n gbéra ní aago mẹ́fà òwúrọ̀. Àwọn ará etí òkun, tí ilẹ̀ wọn tẹ́ bí àwo, kígbe nígbà tí wọ́n rí òkè àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gùn ún. Omi tó wọn. Òjìji wà níbi tí ìwé sọ pé ó wà. Ó ku kìlómítà mẹ́jọ kí wọ́n dé Sakin nígbà tí ṣéènì Ulrich já. Ulrich ló sanra jù nínú wọn. Ó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró. "Ẹ gbé e wá," ni awakọ̀ wí.

"Régis, jọ̀ọ́," ni Ulrich bẹ̀ ẹ́. "Ẹsẹ̀ mi ti kú. Màá sọ̀ kalẹ̀ ká tó dé ilé bàbá yẹn. Ta ló máa mọ̀?"

Régis wo oòrùn. Ó ti ń pọ́n.

"Èmi á mọ̀," ó ní. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀.

Wẹ̀mímọ́ ti kúnlẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ so ṣéènì náà tán. Régis gba ẹrù Ulrich kọ́ ara rẹ̀ lọ́rùn. Ó fi ọwọ́ kan ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, ó fi ọwọ́ kejì di kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ mú, wọ́n sì gun òkè ìkẹyìn bẹ́ẹ̀.

Tìmóthì ti jókòó sórí àpótí níwájú ilé, ó ń kà wọ́n. "Mẹ́wàá. Mọ́kànlá. Méjìlá. Ẹ ti pé."

"Rárá, bàbá," ni Régis wí, ó ń mí hẹlẹ. "Mẹ́tàlá ni wá. Ẹ ka Wẹ̀mímọ́ mọ́ ọn."

Gbogbo wọn yíjú sọ́nà. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Oòrùn ti kan orí òkè. Régis sọ ẹrù sílẹ̀, ó fẹ́ padà lọ wá a. Ìgbà náà ni Wẹ̀mímọ́ yọ ní kọ́nà, ó ń rọra bọ̀, ó so àwọn ike omi tí àwọn ará etí òkun jù sílẹ̀ lójú ọ̀nà mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ìdọ̀tí lásán lẹ ń dà sílẹ̀ kiri," ó ń bá wọn wí. "Ike tó ṣì dára!"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Mẹ́tàlá," ó ní. Ó tún ojú le. "Régis, mú àwọn ẹbí rẹ wá ní ọjọ́ karùn-ún."

Régis gbé ìka rẹ̀ sókè, ó ń kà á lábẹ́ ètè, ó bẹ̀rẹ̀ láti òní.

"Ọjọ́rú, bàbá."

"Ta ló kọ́ ọ?"

Régis ń wo Wẹ̀mímọ́, tó ti ń to irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpótí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wẹ̀mímọ́ kà wọ́n, wọ́n pé. Ó pa àpótí dé, ó dè é mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́.

"Olùkọ́ mi, ṣé ibí lo máa sùn ni?"

Wẹ̀mímọ́ gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó kọjú sí Ṣábẹ̀ẹ́, ó sì ń lọ.