Àwọn Sáfà Tó Ń Kọ Lẹ́tà Ìfẹ́

Òwúrọ̀ Sátidé kan lọ́dún 2009 ni àṣírí tú pé àwọn sáfà kan ń ṣiṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò rán wọn.

Láídé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dúró lẹ́yìn Ọ̀gá Richard ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Festac, ó ń fojú ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà.

Lẹ́tà ìfẹ́ ni, rẹpẹtẹ, sí àwọn opó arúgbó lókè òkun. Ìyá kan ti fèsì: ó ti ta ilé ọkọ rẹ̀ olóògbé, ó ti kun ètè, ó ń retí olólùfẹ́ tí kò sí láyé. Ohun mímọ́ ni ìfẹ́ lójú Láídé.

"Ta ló ń fi wọ́n ránṣẹ́?"

"Sáfà ni, àǹtí, kọ̀ǹpútà ńlá tí à ń yá lókè òkun," Ọ̀gá Richard ní. "A kì í fojú rí i. Ẹni tó bá ní páásíwọ̀ọ̀dù á jókòó síbikíbi, á gbé e dìde lọ́hùn-ún. Lánàá, lásìkò ìrun Jímọ́ọ̀, ẹnìkan gbé òbítíbitì dìde. Páásíwọ̀ọ̀dù Yaqub òṣìṣẹ́ mi yìí ni. Ọlọ́pàá ti ń bọ̀."

Yaqub ká jọ lórí àga. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yìgì òun àti Muhsinah, bàbá ọmọ sì ti ní òun ò fọmọ fún olè.

"Mọ́sáláṣí ni mo wà, àǹtí."

"Ààfáà gbájúẹ̀!" Bọ́sẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pòṣé.

"Ta ló tún mọ páásíwọ̀ọ̀dù ẹ̀?"

"Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi, Bọ́sẹ̀ àti Adébánjí, la mọ ti ara wa. Bí iná bá lọ mọ́ ẹnìkan lọ́wọ́, èkejì á bá a parí iṣẹ́," Yaqub ní.

Láídé kọjú sí Adébánjí. Adébánjí rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tí í yọ́ obìnrin lọ́kàn.

"Ẹ fi àfẹ́sọ́nà mi sílẹ̀!" Bọ́sẹ̀ gbaná jẹ. "Láti Ọjọ́rú ni ibà ti dá a dùbúlẹ̀ ní Alákijà, òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ padà síṣẹ́. Kódà lánàá tí mo gbọ́bẹ̀ lọ, orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń tẹ làpútọ́ọ̀pù, ó níṣẹ́ ọ́fíìsì ni."

Láídé mi orí. "Yaqub, báwo lẹ ṣe ń gbé sáfà dìde?"

"Mọ́ọ̀dù ni. Ṣé ẹ mọ àwọn tó ń yọ búlọ́ọ̀kù l'Ágboju? A kọ àṣẹ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìgbàkígbà tá a bá lò ó, irú sáfà kan náà ló ń yọ. Àmọ́ bí mọ́ọ̀dù bá sán, gbogbo búlọ́ọ̀kù ẹ̀ ló máa lápá. Tiwa sán, ó ń ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn sáfà sílẹ̀ fún olè. Mo tún un ṣe lỌ́jọ́bọ̀. Nẹ́tíwọ̀kì ò dáa, fíláàṣì ni mo fi fún Bọ́sẹ̀."

"Òótọ́ ni," Ọ̀gá Richard ní. "Ojú mi ló ṣe tí àwọn méjèèjì pa ti àtijọ́ rẹ́."

"Ẹ wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn àwọn sáfà àná."

Ọ̀gá Richard tẹ kọ̀ǹpútà. Ó kígbe. "Ó ṣí sílẹ̀ gbayawu!"

"Adébánjí," Láídé ní, "ẹni tí kò sí níbí lỌ́jọ́bọ̀ nìkan ni mọ́ọ̀dù tó sán ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Gbé làpútọ́ọ̀pù yẹn wá."

Mọ́ọ̀dù àtijọ́ wà níbẹ̀. Lẹ́tà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àlàfo níbi orúkọ.

Adébánjí gbé èjìká. "Kí ni mo ṣe fún wọn? Àwọn ìyá arúgbó tó dá wà! Mo sọ̀rọ̀ dídùn sí wọn létí, kí wọ́n ra jíìpù fún mi. Yaqub kì í fi Jímọ́ọ̀ ṣeré, mo mọ̀ pé kò ní sí nídìí kọ̀ǹpútà."

Bọ́sẹ̀ ti tẹjú mọ́ lẹ́tà náà. "'Láti ọjọ́ tí mo ti rí ọ, oorun ò kun ojú mi mọ́...' Adé, lẹ́tà mi nìyí. Èyí tí mo fi gbà fún ẹ."

"Ọ̀rọ̀ tó bá ṣiṣẹ́, ṣé èèyàn ń sọ ọ́ nù ni?"

Bọ́sẹ̀ sáré jáde. Ó dojú kọ gọ́tà, ó bì.

Àwọn ọlọ́pàá wọlé, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Adébánjí lọ́wọ́. Láídé ti ń bá bàbá Muhsinah sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Yaqub ò dúró gbọ́. Ó gbé búútà tó fi ń ṣe àlùwàlá, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ó da omi sí Bọ́sẹ̀ lọ́wọ́.

"Yaqub, mo pè ẹ́ ní..."

"Ṣan ẹnu ná."