Òrí Inú Ṣọ́kì

Ìdí ọkọ̀ ló kọ́kọ́ já. Hàjíà Làtíífàt ti tẹ búrẹ́kì, ó ti yí ọkọ̀ pupa náà wọ ibi tí wọ́n ń pè ní Kọ́nà Agbọ́n, bó ṣe ń yí i látàárọ̀, àfi bí ìdí ọkọ̀ ṣe fò sókè, tó bọ́ sílẹ̀, tó tún fò, tó wá gbá sọ́tùn-ún bí ìdí màlúù tó ń lé eṣinṣin. Ọkọ̀ yípo, ó tún yípo, ó fẹ̀yìn wọ oko ẹ̀gẹ́ ẹ̀gbẹ́ pápá, ó sì dúró sáàárín ebè. Nígbà tí eruku fi máa rọlẹ̀, Hàjíà kò fara pa. Orúkọ rẹ̀ ló fara pa.

Pápá náà wà lọ́nà Èrúwà, lórí ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ òkúta kan tó ti kógbá sílé, tó fi títì dídán sílẹ̀ fún ewúrẹ́. Àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ ní Ìbàràpá gba ibẹ̀, wọ́n sì ń pàdé níbẹ̀ ní Sátidé kan lóṣù. Wọn kì í bá ara wọn díje. Kálukú ń wá bí ọkọ̀ tirẹ̀ ṣe lè fi eré yà ní kọ́nà láìbọ́ lójú ọ̀nà ni. Ọkùnrin ni gbogbo wọn, àyàfi Hàjíà. Oníṣòwò kaṣú ni, opó tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó bí ìbejì, ṣùgbọ́n wọn kì í pè é ní Ìyá Ìbejì, nítorí bí o bá pe Ìyá Ìbejì nígboro Ìgbó-Ọrà, ìdajì ọjà ni yóò dáhùn. Màmá Mùíz ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó ra ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì yìí lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, ìlú fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ẹnu fi rẹ̀ wọ́n. Mùíz ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ní bí ọkọ̀ náà bá lè ṣe jàǹbá lẹ́ẹ̀kan péré, òun ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá tà á.

Fàtáì, alàgá ẹgbẹ́, ló kọ́kọ́ dé inú oko. Fàtáì kò mọ ohun púpọ̀ nípa ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó ní fìlà alàgá.

"Màmá Mùíz, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ lọ jókòó sílé. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti àgbà obìnrin."

"Ṣọ́kì ẹ̀yìn ni, Fàtáì. Kì í ṣe ọwọ́ mi."

"Ṣọ́kì tí Ẹnjiníà Malachi tún ṣe? Ẹnjiníà tó kàwé ní Jámánì? Ẹ má ba orúkọ olórúkọ jẹ́. Bí ẹ kò bá rí ẹ̀rí, ẹ kò ní wọ pápá yìí mọ́."

Ẹ wá gbọ́ nípa Ẹnjiníà. Ọkùnrin yìí kò tíì pẹ́ ní Ìgbó-Ọrà tó ti di òrìṣà kékeré. Ó ń fi imú sọ Yorùbá bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń tà: bálánsì. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́. Bí ṣọ́kì iwájú, irin tí wọ́n rọ epo sí nínú kó má jẹ́ kí taya máa fò, bá le ju ti ẹ̀yìn lọ, imú ọkọ̀ á kọ kọ́nà, á fẹ́ lọ tààrà. Bí ti ẹ̀yìn bá le jù, tàbí tó bá rọ̀ débi pé kò lè tẹ taya mọ́lẹ̀, ìdí á gbá. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á máa yí bọ́tìnnì orí ṣọ́kì díẹ̀díẹ̀ títí iwájú àti ẹ̀yìn á fi gbọ́ra wọn yé. Malachi a tú ṣọ́kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a gbé wọn wọ yàrá, a ti ilẹ̀kùn. Òfin kan ló ní: òwúrọ̀ kùtù, tí ìrì ṣì wà nílẹ̀, ni oníbàárà gbọ́dọ̀ dán ọkọ̀ wò. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Jámánì nìyẹn," ni yóò wí. Gbogbo ẹgbẹ́ a mi orí. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ọ̀sán kì í pọ́n ní Jámánì.

Wọ́n fi Hàjíà sílẹ̀ lábẹ́ igi kaṣú kó máa dúró de ẹni tí yóò wọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Inú bí i débi pé omi lé sí i lójú. Ibẹ̀ ló wà tó rí nǹkan tó ń kán láti ẹ̀yìn taya. Lára ṣọ́kì, ó ń ṣàn bí epo. Nígbà tó balẹ̀ sórí ewé nínú ìbòòji, tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ fẹ́ sí i, ó dì, ó funfun. Hàjíà fi ìka kàn án, ó fi pa ẹ̀yìn ọwọ́, ó gbọ́ òórùn rẹ̀.

Òrí ni.

Kò sí ìyá ìbejì ní Ìgbó-Ọrà tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ní òórùn òrí. Ọyẹ́ mélòó ló fi pa ara ọmọ? Ó wo páìpù èéfín tó gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́kì ẹ̀yìn kọjá, tó gbóná janjan, gbogbo rẹ̀ sì yé e. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ha ọ̀dà aláwọ̀ wúrà ara ṣọ́kì náà. Ìpẹtà ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣọ́kì tuntun tó ti òkè òkun wá ló gbé fún Malachi. Àlòkù tó ti kú ni ó gbà padà, tí wọ́n rọ òrí sí nínú kó lè le láàárọ̀.

Ó pe Fàtáì padà. Fàtáì wo ewé náà, ó rẹ́rìn-ín.

"Bóyá èyí tí ẹ fi para ló kán síbẹ̀."

"Ọkọ̀ tìrẹ dà?"

"Ó wà lọ́dọ̀ Ẹnjiníà. Ó ti parí ẹ̀. Àárọ̀ ọ̀la la fẹ́ dán an wò."

"Àárọ̀. Kí ló dé tí kì í ṣe ọ̀sán yìí?"

Fàtáì tún wo ewé náà, ó sì tẹ̀ lé e.

Ó di àgọ́ ọlọ́pàá. Sájẹ́ǹtì Akínladé gbọ́ ẹjọ́ náà tán, ó yán.

"Màmá, ṣé kí n lọ mú èèyàn nítorí ìpara?"

"Ẹ mú un nítorí olè. Bí ẹ bá fẹ́ràn ìpara ju bẹ́ẹ̀ lọ, màá fún yín."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba takisí Micra kan. Ṣùgbọ́n ìròyìn kì í wọ takisí ní Ìgbó-Ọrà, fífò ló ń fò. Bí wọ́n ṣe yọ sí ṣọ́ọ̀bù Ẹnjiníà ni ọkọ̀ búlúù kan já jáde ní géètì, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá wọn, tó kọrí sọ́nà Ìdèrè. Malachi ló wà nínú ẹ̀. Ọkọ̀ Fàtáì ni.

Lójú ọ̀nà tó tọ́, Micra kò já mọ́ nǹkan kan. Ọkọ̀ búlúù di eruku, eruku náà sì pòórá. Ní Ìdèrè, lọ́rí kan tó kó ẹ̀gẹ́ dínà mọ́ wọn. Sájẹ́ǹtì ní kí wọ́n yí padà.

"Ó ti lọ. Micra kì í lé ọkọ̀ eré bá."

"Ẹ jẹ́ ká dé ibi tí ọ̀nà ti ń wọ́," ni Hàjíà wí. "Ẹ wo oòrùn."

Oòrùn wà ní àtàrí. Nígbà tí wọ́n kọjá ìlú, tí ọ̀nà Tápà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ sísàlẹ̀ odò, wọ́n rí ọkọ̀ búlúù níwájú. Ó ń rọra. Ó ń lọ bí ẹni tó gbé ẹyin sórí. Ọ̀kadà kan tó di iṣu sẹ́yìn fọn fèrè sí i, ó sì yà á sílẹ̀.

"Kí ló ń ṣe ọkọ̀ mi?" ni Fàtáì béèrè.

"Ẹni tó ń wà á mọ ohun tó wà nínú ẹ̀," ni Hàjíà wí.

Micra kọjá, ó dábùú ọ̀nà. Sájẹ́ǹtì bọ́ sílẹ̀.

"Sọ̀ kalẹ̀. Ibo lò ń lọ?"

"Ọ̀gá, mò ń dán ọkọ̀ oníbàárà wò ni." Imú rẹ̀ ti là. Ohùn Tápà pọ́ńbélé ló ń ti ẹnu rẹ̀ jáde.

"Lọ́sàn-án?" ni Hàjíà wí. "Ṣebí àárọ̀ ni ti Jámánì."

Malachi fi apá nu ojú, Hàjíà sì tún bi í:

"Ọkọ̀ tí ọlọ́pàá ń lé, kí ló dé tó ń rìn bí ìgbín?"

"Ọ̀nà ò dáa ni, Mọ́mì."

"Títì tuntun rèé. O ti bálánsì ẹ̀, àbí? Wọlé padà. Fi eré gbé e wọ kọ́nà yẹn. Fàtáì á jókòó tì ọ́."

Fàtáì fi ẹsẹ̀ kan rìn sẹ́yìn. Malachi wo kọ́nà, ó wo odò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ dákun. Yóò dojú dé."

"Kí ló máa mú un dojú dé?"

"Òrí ni. Òrí ló wà nínú gbogbo ẹ̀. Ó ti yọ́."

"Ojúlówó dà?" ni Sájẹ́ǹtì béèrè.

"Wọ́n wà nílé ìyàwó mi ní Tápà, nínú àpò èlùbọ́. Mò ń wá ẹni tó máa rà wọ́n."

"Jámánì ńkọ́?"

"Mi ò débẹ̀ rí. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá mi lé mi nítorí olè."

Sájẹ́ǹtì so ó lọ́wọ́. "Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun," ló wí, bí ẹni pé òun kọ́ ló ní kí wọ́n yí padà ní Ìdèrè.

Hàjíà jókòó sí ẹ̀bá títì, ó nu ojú. "Òrí yọ́," ló wí, "orí sì yọ mí."

Wọ́n kó ṣọ́kì jáde nínú àpò lọ́jọ́ náà. Àwọn oníbàárà ń wá mú tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan, inú wọn ń dùn, ojú sì ń tì wọ́n. Adérógbà, ọ̀kan nínú wọn, kò ní ọkọ̀ tí yóò gbé tirẹ̀ sí. Ọkọ̀ rẹ̀ ti já bẹ́ẹ̀ lóṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ó gbà pé ọwọ́ òun ni kò dáa, ó sì ti tà á ní ọ̀pọ̀. Ó gbé ṣọ́kì náà sẹ́sẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa á bí ẹni pa orí ọmọ. "Èmi kọ́ ni," ló ń wí. "Èmi kọ́ ni."

Sátidé pápá tó tẹ̀ lé e, Hàjíà kò wá láàárọ̀. Ọ̀sán gangan ló dé. Mùíz ti wá láti Ìbàdàn, oníbàárà tó fẹ́ ra ọkọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Hàjíà kí wọn, ó sì kọjá. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tó wọ Kọ́nà Agbọ́n, imú ọkọ̀ kọ̀, ó fẹ́ lọ tààrà. Ó dúró, ó ṣí iwájú, ó yí bọ́tìnnì ṣọ́kì kó rọ̀ díẹ̀. Ó tún wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí imú gbọ́ràn, ìdí tẹ̀ lé e, taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di títì mú, ọkọ̀ pupa sì gba kọ́nà náà já pẹ̀lú eré tí ọkùnrin kankan nínú ẹgbẹ́ kò tíì gbé wọ ibẹ̀ rí. Oníbàárà Mùíz ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Mùíz ní kó dákẹ́, lẹ́yìn náà òun náà pàtẹ́wọ́.

Fàtáì wá sí ẹnu fèrèsé. Ó ti ṣí fìlà.

"Màmá Mùíz, ìdí ọkọ̀ ńkọ́?"

"Ó jókòó," ni Hàjíà wí, ó tún ki jíà. "Èmi ni mi ò ní jókòó sílé."