Èsì Tó Dùn Jù

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jí wa láàárọ̀, tó sì fún wa ní ojú tí a fi ń kàwé. Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọbìnrin kan fún yín.

"Kíá! Ibọ̀wọ́ rẹ dà?"

Kíá ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan jẹ́jẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó sì ń lo ìsinmi rẹ̀ ní yàrá ìwádìí tí Àǹtí rẹ̀, àbúrò ìyá rẹ̀, ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó pariwo yẹn ni ọkùnrin tó ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ, Bàbá Ibọ̀wọ́.

"Mo ti ń wọ̀ ọ́, sà."

"Ìwọ lo mọ̀! Òógùn ìka kan ṣoṣo tó láti jẹ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta run." Ó rẹ́rìn-ín, ó kọjá lọ.

Kò mọ̀ pé ohun tó sọ máa tó ṣẹlẹ̀. Fóònù Kíá dún. Kíá bọ́ ibọ̀wọ́ láti fèsì fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì fi ìka lásán ṣí ìgò kéékèèké mẹ́fà.

Oògùn ọkàn kan ni wọ́n ń wádìí. Ó ń mú kí ọkàn lù déédéé, ṣùgbọ́n lára àwọn kan, ó ń ba sẹ́ẹ̀lì táírọ́ìdì jẹ́, ìyẹn ẹ̀yà ara kékeré tó wà níwájú ọrùn. Nínú sẹ́ẹ̀lì ni àwọn ohun tíńtìntín kan wà tí wọ́n ń pè ní máíkróRNA. Àwọn ló ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó dín iṣẹ́ kan kù, kó dá òmíràn dúró. Àǹtí fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n máa ń yí padà kí sẹ́ẹ̀lì tó kú, kí wọ́n lè tètè mọ ẹni tí oògùn náà ń ṣe ní jàǹbá. Sẹ́ẹ̀lì ló wà nínú gbogbo ìgò náà; mẹ́fà kò ní oògùn nínú. Mẹ́fà tí Kíá fọwọ́ kàn ló ní in.

Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí figbe ta níwájú kọ̀ǹpútà. "Ẹ wá wò ó! Níbi tí oògùn wà, gbogbo máíkróRNA ti pòórá!" Ó gbá Kíá mọ́ra. "Orúkọ tìẹ náà á wà nínú ìwé tí a máa gbé jáde. Yunifásítì wo ni ò ní gbà ọ́?"

Kíá mọ ohun tó pa wọ́n rẹ́: òógùn ìka rẹ̀ ni. Síbẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí rẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin, níbi oúnjẹ àárọ̀ nílé, Kíá rí i tí Màmá Àgbà, ìyá Àǹtí, ti oògùn rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Oògùn ọkàn yẹn gan-an ni.

"Màmá, ẹ ò tíì lo oògùn yín."

"Ó di ọjọ́ kẹta tí mo ti pa á tì. Ṣé Àǹtí rẹ ò ti sọ ohun tó ń ṣe sọ́rùn èèyàn ni?"

"Dókítà ní ẹ ò gbọ́dọ̀ dá a dúró fúnra yín."

"Dókítà kọ́ ló ṣèwádìí. Ìwọ àti Àǹtí rẹ ni. Àbí irọ́ lẹ pa?"

Màmá Àgbà gbé ọwọ́ lé àyà. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ètè rẹ̀ sì ti funfun.

Kíá bọ́ sórí eékún. "Màmá, ẹ má bínú. Èmi ni mo ba èsì yẹn jẹ́. Ọwọ́ lásán ni mo fi kan àwọn ìgò náà. Mo mọ̀, mo dákẹ́."

Àǹtí dúró lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti gbọ́. "Bá mi gbé Màmá dìde," ó sọ. "Ilé ìwòsàn."

Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi tọ́jú Màmá Àgbà kí ọkàn rẹ̀ tó padà sípò. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Àǹtí mú Kíá lọ bá ọ̀gá àgbà yàrá ìwádìí náà, ó sì ní kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé náà. Wọ́n tún iṣẹ́ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ìsinmi Kíá sì parí sórí rẹ̀. Èsì tuntun jáde: kò sí máíkróRNA tó pòórá, ẹyọ kan ló dín kù díẹ̀.

"Ṣé ìyẹn nìkan náà ni?" Kíá béèrè.

"Ìyẹn nìkan," Àǹtí dáhùn. "Ṣùgbọ́n mo lè kà á sétí ìyá mi."

Ẹ̀yin ọmọ mi, kò sẹ́ni tí kì í ṣe àṣìṣe. Àṣìṣe tí a fi pa mọ́ ló ń wá ẹlòmíràn lọ láti pa lára. Ẹ tètè máa sọ ọ́, kódà bí yóò bá gba ohun tó dùn mọ́ yín lọ́wọ́ yín. Kí Olúwa fún yín ní ẹnu tí kì í bẹ̀rù òtítọ́, kí ó sì dá àwọn òbí yín sí fún yín. Àmín.