Deolinda Tó Ń Béèrè Lọ́sàn-án

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá òótọ́ ni. Ilé náà ń bẹ ní ìlú Piribebuy, kànga náà ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, okùn aṣọ náà sì wà láàárín igi máńgòrò àti ògiri ilé ìdáná títí dòní. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó wá lọ́sàn-án, kó jókòó síbẹ̀ lóun nìkan. Èmi ò ní í bá a jókòó.

Ña Fidelina ló ni ilé náà; Ña ni wọ́n fi ń pe àgbà obìnrin níbẹ̀. Opó ni. Zunilda, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà ní Sípéènì, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, ó sì fi ọmọ tirẹ̀, Yerutí, sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ọ̀rọ̀ tí Zunilda sọ lọ́jọ́ tó ń lọ kò pọ̀. Ó ní, "Màmá, òun nìkan ni mo ní." Ña Fidelina ní kó máa lọ, pé ojú òun kò ní í kúrò lára ọmọ náà.

Yàtọ̀ sí ọmọ títọ́, ohun kan ṣoṣo tí màmá yìí tún gbádùn ni kó máa gba àwọn tí kò mọ̀ rí níyànjú lórí fóònù. Ẹgbẹ́ kan wà lórí ayélujára tí wọ́n ń pè ní Bi Aládùúgbò Rẹ. Ẹnikẹ́ni lè wọlé síbẹ̀ kó béèrè ohun tó bá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Àwọn yòókù a máa fi ọ̀rọ̀ pọ́nni lá, wọ́n á ní ohun tí ọkàn rẹ bá sọ ni kó o ṣe. Ña Fidelina kò mọ ìyẹn. Ojú abẹ níkòó ló máa ń sọ ọ́. Ọkùnrin kan gbé ewì tó kọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀ síbẹ̀, ó ní kí wọ́n sọ èrò wọn. Màmá ní kó tètè fẹ́ ọmọbìnrin náà kó tó ka ewì ọ̀hún. Obìnrin kan béèrè bóyá kí òun pe ọkọ tó kọ òun sílẹ̀ wá síbi ayẹyẹ ọmọ wọn. Ó ní kó pè é, kó sì fún un ní àga ẹ̀gbẹ́ sípíkà. Òótọ́ ọ̀rọ̀ bí ìsọkùsọ: àwọn kan bú u, àwọn tó dúpẹ́ sì pọ̀ jù wọ́n lọ. Ọpẹ́ yẹn máa ń dùn mọ́ ọn nínú. Ilé tí kò sí ọkọ, tí ọmọ sì wà lókè òkun, ẹnu kan tó bá ní "ẹ ṣeun" kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ọ̀sán ló máa ń dá wọn lóhùn. Níbẹ̀, bí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán tán, gbogbo ìlú á tilẹ̀kùn, wọ́n á sùn. Alùpùpù kan kì í kọjá. Adìẹ á lọ lúgọ sábẹ́ igi. Ajá pàápàá á dákẹ́. Àwọn àgbà sì máa ń kìlọ̀ fún ọmọdé pé kí wọ́n má ṣe jáde ní wákàtí yẹn, pé ohun kékeré kan onírun pupa ń rìn kiri lábẹ́ oòrùn, ó ń wá ẹni tí yóò bá a ṣeré. Ña Fidelina ti fi ìyẹn dẹ́rù ba Zunilda rí, ó sì ń fi dẹ́rù ba Yerutí. Òun fúnra rẹ̀ kò gbà á gbọ́. Á tẹ́ ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, á tan fáànù àtijọ́ tó ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta, á wá mú fóònù.

Nígbà tí ooru dé tí máńgòrò bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ ni Deolinda kọ́kọ́ béèrè nǹkan.

Ìbéèrè náà rọrùn. Oje máńgòrò ló ta sí ẹ̀wù funfun ọmọ òun, báwo lòun ṣe máa yọ ọ́? Ó fẹ́ kó mọ́ dáadáa, nítorí kò sí òmíràn tí òun lè wọ̀ fún un. Kò sí àwòrán Deolinda níbẹ̀, orúkọ lásán ni. Ña Fidelina ní kó fi kẹrosíìnì ra á, kó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó sì sá a síbi tí oòrùn ti mú gan-an.

Deolinda kọ̀wé padà. "Ẹ ṣeun, ìyá. Ẹ̀yin nìkan lẹ dá mi lóhùn."

Ña Fidelina wò ó. Òótọ́ ni. Abẹ́ ìbéèrè àwọn yòókù kún fọ́fọ́. Abẹ́ ti Deolinda ṣófo, àfi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìkan, bíi pé ẹlòmíràn ò rí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ mìíràn, ó tún dé. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló máa ń tan rédíò sùn, òun ò sì lè gbọ́ ìró ọmọ. Ṣé kí òun bá a sọ ọ́, àbí ìwọ̀sí ni? Màmá ní kó má sọ nǹkan kan, bí ìyá náà bá ti ń hanrun kó pa rédíò, ẹni tó ń sùn kì í gbọ́ orin. Deolinda dúpẹ́. Fáànù ń pariwo lókè orí màmá bó ṣe ń kọ ọ́, kò sì rò ó wò.

Lẹ́yìn náà ló béèrè èyí tó mú kí màmá gbé fóònù sún mọ́ ojú. Ọmọ òun ti ní ọ̀rẹ́ kan tí òun kì í rí. Ẹ̀bá kànga ni wọ́n ti máa ń ṣeré. Ṣé kí òun nà án?

"A kì í na ọmọ nítorí pé ó ní ọ̀rẹ́," ni Ña Fidelina kọ. "Bi í léèrè orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀."

Èsì pẹ́ díẹ̀. "Mo bi í, ìyá. Ó ní Yerutí ni."

Ara màmá ṣe gììrì. Àmọ́ ó fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Orúkọ àdàbà ni Yerutí, ọmọ tó ń jẹ́ ẹ nílẹ̀ yẹn pọ̀ bí àdàbà fúnra rẹ̀. Ó wo ọmọ tirẹ̀. Ó ń sùn, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ìka rẹ̀ rin fún máńgòrò.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọdún Wúńdíá ìyá Olúwa, tí èrò máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ ṣe ní ìlú Caacupé, ooru mú débi pé páànù ń ró pá, pá lórí ilé. Yerutí ti sùn. Fáànù ń ké. Fóònù dún.

"Ìyá," ni Deolinda kọ, "igi tí wọ́n fi bo kànga wa ti jẹrà. Ọkọ mi ní ó di ẹ̀yìn ọdún, tí a bá ti fẹsẹ̀ rìn dé Caacupé tí a bọ̀. Mo ti sọ ọ́, mo tún ti sọ ọ́. Bí mo bá tún sọ ọ́, ṣé mi ò ní í di aláròyé?"

Inú bí Ña Fidelina. Ó dìde jókòó kó lè kọ ọ́ dáadáa. "Má sọ ọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ lásọtúnsọ ti di orin. Dìde nísinsìnyí, kó o tó sùn, wọ́ ohun wíwúwo kan lé e lórí. Bí ọkọ rẹ bá fẹ́ bínú, kó bínú. Kànga ò mọ ọdún Wúńdíá."

Ó ka ohun tó kọ. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn gan-an.

Èsì dé lójú ẹsẹ̀. "Ẹ ṣeun, ìyá. Òótọ́ lẹ sọ. Tiyín ńkọ́? Kí lẹ wọ́ lé e lórí?"

Ó kà á. Ó tún un kà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí nínú ẹgbẹ́ yẹn pé òun ní kànga. Láti ìgbà tí omi ẹ̀rọ ti dé àdúgbò ni wọn ò ti fa omi níbẹ̀ mọ́. Ọkọ rẹ̀ ló to pákó lé e, ó fi páànù bò ó, kó tó kú. Òun fúnra rẹ̀ to ìkòkò òdòdó sórí páànù náà kí ó lè lẹ́wà. Bàbá Anselmo tó ń gbé lódìkejì ló yẹ kó wá fi sìmẹ́ǹtì dí i. Ó ti sọ fún un, ó tún ti sọ fún un. Bàbá ní ó di ẹ̀yìn Caacupé.

Ìpàkọ́ onípàkọ́ là á rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni. Ọwọ́ rẹ̀ wá ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Orí aṣọ ibùsùn lásán ló bọ́ sí. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ó na ọwọ́, ó pa fáànù.

Gbogbo nǹkan dákẹ́ rọ́rọ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ti gbọ́ ohùn Yerutí láti ẹ̀yìnkùlé. Ó ń sọ̀rọ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ èsì. Ó rẹ́rìn-ín. Ó tún sọ̀rọ̀.

Màmá jáde láìwọ bàtà. Ilẹ̀ ń jó o lẹ́sẹ̀, kò mọ̀ ọ́n. Yerutí jókòó sórí páànù, láàárín àwọn ìkòkò òdòdó, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀, máńgòrò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Páànù náà ti tẹ̀ kòtò lábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá pariwo mọ́ ọn, ó lè fò dìde. Obìnrin tí kì í purọ́ fún àjèjì, ó wá irọ́, ó rí i.

"Yerutí, màmá rẹ ló ń pè lórí fóònù. Rọra wá."

"Ẹ ní kó dúró, ìyá àgbà. Ọ̀rẹ́ mi ò tíì jẹ tiẹ̀ tán."

"Á jẹ ẹ́ tán lọ́la. Rọra fi orúnkún rà wá, bí ọmọ ọwọ́."

Ọmọ náà yí padà, ó dágbére fún ẹnì kan tí kò sí níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Páànù ń ké lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀, màmá na ọwọ́, ó gbá a lápá mú, ó fà á mọ́ra. Pákó dá. Páànù wọlé lọ, àwọn ìkòkò tẹ̀ lé e. Kò sí ìró kankan. Ó pẹ́ kó tó gbọ́ ọ nísàlẹ̀, ìró omi, jìnnà réré.

Ó ṣubú jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, ó sunkún. Ó ń fọwọ́ pa á lórí, lẹ́yìn, ní ẹsẹ̀, ó ń ní, "Mo dúpẹ́ o, mo dúpẹ́," kò sì mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí i. Máńgòrò méjì ló wà ní etí kànga. Ọ̀kan ni Yerutí sọ nù nígbà tó ń rà bọ̀. Èkejì wà lódìkejì, ẹnì kan ti jẹ ẹ́ dé ìdajì, àmì eyín kéékèèké sì wà lára rẹ̀.

"Kò fẹ́ kí oje rẹ̀ ta sí ẹ̀wù òun," ni Yerutí wí. "Ó ní màmá òun á sunkún."

Kí oòrùn tó wọ̀, Bàbá Anselmo ti po sìmẹ́ǹtì. Kò lè wo màmá lójú. Ó kàn ní, "Ẹ máa bínú sí mi, Ña Fidelina." Màmá ní kó dí i dáadáa, ẹ̀bi àwọn méjèèjì ni. Lálẹ́ ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Zunilda láìfi ohunkóhun pa mọ́. Ó retí èébú. Zunilda sunkún títí, ó wá ní, "Ẹni tó kọ̀wé sí yín yẹn, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ó kọ ọ́ sí Deolinda. Kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí ọdún Wúńdíá dé, ó gbé Yerutí kọ́ ẹ̀yìn, ó bá èrò fẹsẹ̀ rìn lọ sí Caacupé, ó tan àbẹ́là, ó dúpẹ́, ó tún ọpẹ́ dá. Síbẹ̀, bó ṣe ń bọ̀, ó ń ṣe é bíi pé ọpẹ́ kan kù tí kò tíì dé ọwọ́ ẹni tó ni ín.

Nígbà tó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀wù funfun kan wà lórí okùn aṣọ rẹ̀.

Ẹ̀wù ọmọdé ni, ọwọ́ ni wọ́n fi rán an. Ọrùn rẹ̀ ní iṣẹ́ òwú wínníwínní bí òwú aláǹtakùn, irú èyí tí àwọn ìyá àgbà máa ń ṣe. Kò ní àbàwọ́n kankan. Òórùn kẹrosíìnì fẹ́rẹ́ ń jáde lára rẹ̀. Ó bi gbogbo àdúgbò, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, fún ìgbà àkọ́kọ́, Ña Fidelina béèrè nǹkan lọ́wọ́ àjèjì. Ó kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ pé, "Kí lèèyàn ń fi ẹ̀wù tí kì í ṣe tirẹ̀ ṣe, tó bá bá a lórí okùn rẹ̀? Ẹ sọ ojú abẹ níkòó." Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan ní ayé ti dorí kodò, màmá tó mọ gbogbo nǹkan ti ń béèrè. Ọ̀kan ní kó wọ̀ ọ́. Ọ̀kan ní kó sun ún. Lọ́sàn-án, nígbà tí gbogbo wọn ti sùn, èsì kan wọlé.

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìyá. Mo kàn sá a ni. Oòrùn kì í dé ọ̀dọ̀ wa nísàlẹ̀ níbí."

Màmá kà á. Kò sáré. Ó dìde, ó fa fèrèsé pa, ó fi ihò tín-ín-rín sílẹ̀. Fáànù ti wà ní pípa láti ọjọ́ yẹn. Ó gbá Yerutí mọ́ra, ó sì gbọ́ tí okùn aṣọ ń ké, rọra, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń ká aṣọ láìfẹ́ jí àwọn tó ń sùn.

Ó gbé ẹnu sún mọ́ ihò fèrèsé. "Ẹ ṣeun o," ló wí. "Ọmọ mi ń sùn. Ó wà lọ́dọ̀ mi níbí. Ẹ ṣeun."

Okùn dákẹ́. Nígbà tó jáde, ẹ̀wù náà ti lọ, wọ́n sì ti to àwọn ohun tí a fi ń gbá aṣọ mú sí etí fèrèsé, lẹ́sẹẹsẹ.

Deolinda kò béèrè nǹkan mọ́. Ña Fidelina ṣì ń dá àwọn yòókù lóhùn, ẹnu rẹ̀ ò sì tíì rọ̀. Ṣùgbọ́n kì í sá aṣọ tirẹ̀ lọ́sàn-án mọ́. Òwúrọ̀ ló ń fọ̀ ọ́, á sì ti ká a kí wọ́n tó jẹun, kí okùn lè ṣófo fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó. Mo ti sùn nílé yẹn rí lọ́sàn-án. Láti ojú fèrèsé, mo rí bí okùn náà ṣe ń tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ láàárín, kò sì sí aṣọ kankan lórí rẹ̀.