Agérun Tó Yọ Ìwé Létí Ọmọ Rẹ̀

Orí oníbàárà ni agérun náà ń fá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó ti fá apá kan tán, ó ku apá kejì, nígbà tí ọkùnrin orí àga tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

"Ọ̀gá, mo rí Adájọ́ yín ní láíbìrì iléèwé. Ó ki nǹkan bọ etí, ó ń dá rẹ́rìn-ín."

Adájọ́ ni ìnagijẹ ọmọbìnrin agérun, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í sùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ṣí ìwé síwájú rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ á wúwo bí ẹsẹ̀ èmi ìyá àgbà lórí àtẹ̀gùn. Ó ti tún kíláàsì kan náà kà, iléèwé sì ti kìlọ̀ pé bó bá tún fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìwé kíkà, ilé ló ń lọ.

Agérun ju abẹ sílẹ̀. Ó fi orí oníbàárà sílẹ̀ bí oko tí wọ́n ro dé ìdajì, ó di iléèwé.

"Bàbá, ẹ fara balẹ̀," ni tìṣà tó ń tọ́jú láíbìrì wí. "Kì í ṣe orin. Pọ́díkáàsì ni, ètò ọ̀rọ̀ sísọ tí wọ́n gbà sílẹ̀ sórí fóònù. Àwọn kan á máa sọ̀rọ̀ lórí ìwé kan, wọ́n á ka ojú ewé àkọ́kọ́, ọmọ á máa fi ìka tọ̀ ọ́ nínú ìwé. Tó bá dé ibi tó dùn, wọ́n á dákẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyókù á mú ìwé náà lórí pẹpẹ. Adájọ́ ti ń mú ìwé lọ sílé báyìí."

"Ojú ni wọ́n fi ń kàwé níbi tí wọ́n bí mi sí. Ẹ̀ ń kọ́ ọmọ mi ní ọ̀lẹ."

"Bàbá, ẹ jẹ́ n parí ibi tí mo dé," ni ọmọ náà bẹ̀bẹ̀.

Agérun fa nǹkan náà yọ létí rẹ̀, ó sì fẹjọ́ sun ọ̀gá iléèwé. Ọ̀gá iléèwé, tí kì í fẹ́ wàhálà òbí, kó gbogbo fóònù tí wọ́n fi ń gbọ́ ètò náà ní láíbìrì, ó tì wọ́n mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Kò bi tìṣà léèrè ohunkóhun.

Ìdánwò dé. Wọ́n gbé ìwé síwájú Adájọ́. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sùn kò lè ka ìlà kan já, ó sì tún fìdí rẹmi.

Agérun kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì ọ̀gá iléèwé. "Ọ̀gá, ẹ ṣàánú mi. Èmi ni mo ṣẹ̀, kì í ṣe òun."

"Ẹ dìde, Bàbá. Èmi náà mọ̀. Àmọ́ ààyè rẹ̀ ti bọ́."

Iléèwé mìíràn tí wọ́n lọ ní ọmọ náà ti dàgbà ju kíláàsì náà lọ. Ní báyìí, irun oníbàárà ni Adájọ́ ń gbá nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Bàbá rẹ̀ wá ètò náà sórí fóònù tirẹ̀, ó nà án sí i.

"Gbọ́ ọ, ìyá mi."

"Bàbá, ẹ pa á. Wọ́n á dákẹ́ níbi tó dùn. Níbo ni n ó ti rí ìwé?"

Agérun pa fóònù náà, ó ki í bọ àpò.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó pariwo, ẹ gba nǹkan náà, ẹ ki í bọ etí tiyín. Ẹ béèrè ìwé tó ń mú ọmọ lọ bá. Bí kò bá mú un dé ìdí ìwé kankan, ẹ bá tìṣà sọ ọ́ ní jẹ́jẹ́. Ẹ̀yin ọ̀gá iléèwé, ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ dáhùn ẹjọ́ òbí. Ẹ pè é kó wá jókòó gbọ́. Èmi gan-an, ìgbà tí mo kọ́kọ́ fi sétí, ṣe ni mò ń dá àwọn tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ lóhùn. Ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ kí ẹ tó fà á yọ. Ohun tí a bá fi ìbínú fà yọ létí ọmọ, ẹ̀bẹ̀ kì í sábà dá a padà.