Pátákó Òdòdó Bàbá Sihombing

Ẹ̀yin ènìyàn mi tí ẹ mú ìtàn yìí lọ́wọ́, mo kí yín o. Ẹ kú ojú lọ́nà àwọn ọmọ tó wà lájò. Mo fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run tó dá wa sí, tó sì ń ṣọ́ àwọn ènìyàn wa ní ìlú tí ọwọ́ wa kò tó. Ìtàn ìfẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Kò dùn dé ìparí, ṣùgbọ́n ẹ bá mi gbọ́ ọ.

Òjò ló mú Ewan Petrie wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, ti àwa ẹ̀yà Batak, ní Jakarta. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni. Omi ti gba títì, ọkọ̀ kò lè kọjá mọ́. Òyìnbó gíga náà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, omi ń kán lára ṣòkòtò rẹ̀. Rotua Simanjuntak, tó ń kọ́ ẹgbẹ́ akọrin, ló kọ́kọ́ rí i.

"Ọ̀gá, ẹ wọlé. Ọlọ́run kì í lé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù."

"N kò gbọ́ èdè Batak."

"Orin la fẹ́ kọ. Ṣé ẹ gbọ́ orin?"

Ó ṣí ìwé orin rẹ̀ síwájú àwọn méjèèjì. Bí dùùrù ṣe dún, Ewan rẹ́rìn-ín músẹ́. Orin tí ìyá rẹ̀ máa ń kọ nígbà tó bá ń fọ abọ́ ní Dundee, ìlú wọn, ni. Ó fi èdè tirẹ̀ kọ ọ́, Rotua fi Batak kọ ọ́, ohùn wọn sì bára wọn lọ. Kí òjò tó dá, ọkàn Rotua ti fà sí i.

Ẹnjiníà ni Ewan, lára àwọn tó ń gbẹ́ ọ̀nà rélùwéè abẹ́ ilẹ̀. Àjà kọkàndínlọ́gbọ̀n ilé gíga kan ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gbà fún un. Ó ní awakọ̀, ó ní alásè, odò ìlúwẹ̀ẹ́ sì wà lórí òrùlé.

"Yàrá kan lèmi àti àwọn òbí mi jọ ń sùn ní Dundee," ló sọ fún Rotua. "Wò mí níbí, mo dà bí ọba."

"Ọba tí kò ní àlejò," ni Rotua fèsì.

Ewan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rọ. "Ṣé o rí àga tí o jókòó lé? Ti Marek ni. Ó ti padà sí Poland. Ìkòkò yẹn, ti Joost ni. Oṣooṣù là ń ṣe ìdágbére níbí. Ẹni tó bá ń lọ á pín ẹrù rẹ̀, ẹrù àwọn tó ti lọ sì ni mo fi ń gbé ilé."

"Tí ìwọ náà bá ń lọ, ta ni wàá fi mí fún?"

"Ìwọ kì í ṣe ẹrù, àyànfẹ́ mi."

Lọ́jọ́ yẹn náà ló sọ ti ìyá rẹ̀ fún un. Ẹnu iṣẹ́ ló wà nígbà tí obìnrin náà kú. Ojú fóònù ló ti wo ìsìnkú. "Mo fi òdòdó ránṣẹ́," ló wí. "Gbogbo wọn ní òun ló dára jù." Àánú ṣe Rotua, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àánú náà kò jẹ́ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa.

Ìyá Rotua ní tirẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ pé Ewan fẹ́ gbé ọmọ òun níyàwó.

"Ẹyẹ orí ọ̀pá ni. Á bà, á fò."

"Màmá, ó fẹ́ràn mi."

"N kò ní kò fẹ́ràn rẹ. Tó bá nà ọ́, ta ni kí n pè? Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ti kú. Ṣé kí n kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ni? Ẹni tí kò ní ìdílé, a kì í fi ọmọ fún un."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí láàrin àwọn Batak. Àlejò tó bá fẹ́ ọmọ wọn gbọ́dọ̀ rí ìdílé tó máa gbà á lọ́mọ kó tó lè gbéyàwó. Parlin Sihombing ló gba Ewan. Ọkọ Tiur, àbúrò bàbá Rotua lóbìnrin, ni. Bàbá arúgbó náà ń tún bọ́ọ̀sì ṣe, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí sì ti kú ní kékeré.

"Imú rẹ̀ gùn ju ti Sihombing lọ," ni Parlin wí, "ṣùgbọ́n a ó fara dà á."

Ní ọjọ́ ìgbàlọ́mọ, Tiur fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ Ewan ní ẹja. Parlin gbé ulos, aṣọ híhun ìdílé wọn, lé e ní èjìká, ó sì fún un ní orúkọ Sihombing. Lẹ́yìn náà ó bi í ní ìbéèrè kan.

"Ọmọ mi, lọ́jọ́ tí mo bá kú, ọmọkùnrin mi ló yẹ kó dúró níbi orí mi. Ó ti pẹ́ tí ibẹ̀ ti ṣófo. Ṣé wàá wá?"

"Màá wá, Bàbá."

Gbogbo ilé ṣe àmín. Ìyá Rotua nu ojú rẹ̀ nù, ó sì dá oṣù kẹwàá fún ìgbéyàwó.

Ní oṣù kẹjọ, iṣẹ́ Ewan parí lójijì. Bí iṣẹ́ àlejò bá sì ti tán, ìwé àṣẹ ìgbélùú rẹ̀ tán nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fún un láti fi ìlú sílẹ̀. Ó rí iṣẹ́ mìíràn ní Singapore, kò ju wákàtí méjì lọ nínú ọkọ̀ òfuurufú.

"Oṣù méjì péré ni, ọkàn mi," ló wí. Ó gbé àga Marek fún ọlọ́dẹ, ó fi ìkòkò Joost ta alásè lọ́rẹ. Rotua dúró ń wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ yá jù níbi iṣẹ́ náà. Ẹ̀rù ba Rotua, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Parlin ṣubú sábẹ́ bọ́ọ̀sì tó ń tún ṣe. Kò dìde mọ́.

Rotua pe Ewan. Ewan sunkún lórí fóònù, ẹkún tòótọ́.

"Àwọn àgbà ti fi ìsìnkú sí ọjọ́ Ẹtì nítorí rẹ," ni Rotua wí. "A kò lè gbé e jáde láìsí ìwọ."

"Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Ẹtì la fẹ́ fi ṣí iṣẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ojú wọn wà lára mi. Ṣé ó di dandan pé kó jẹ́ èmi?"

"Ewan, ìwọ ni ọmọ rẹ̀."

"Màá gbìyànjú. Bí n kò bá tètè dé, màá fi nǹkan tó dára ránṣẹ́."

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró níwájú ilé Parlin. Pátákó òdòdó ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń gbé síwájú ilé òkú ní Jakarta, ó ga ju ilẹ̀kùn lọ. Lẹ́tà ńláńlá ni wọ́n kọ sí i: Ìbánikẹ́dùn láti ọ̀dọ̀ Ewan Petrie.

Tiur jáde wá. Ó kà á, ó tún un kà.

"Orúkọ wa kò sí níbẹ̀," ló wí.

Ìyá Rotua ò fi Rotua ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn gan-an ló dun ọmọ rẹ̀ jù.

Lọ́jọ́ Ẹtì, gbogbo ènìyàn dúró sípò wọn yí pósí ká. Ibi orí òkú ṣófo. Pásítọ̀ dúró díẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó tún dúró. Lẹ́yìn náà ó ṣí ìwé orin. Rotua ló dá orin, ó sì kọ ọ́ dé òpin.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Ewan sáré dé iwájú ilé Parlin nínú aṣọ dúdú, ó bá Rotua níbẹ̀.

"Ẹ̀rù bà mí kí wọ́n má lé mi lẹ́nu iṣẹ́, Rotua. Tí wọ́n bá lé mi, kí ni mo máa fi gbé ọ níyàwó? Nítorí tìrẹ ni."

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé tí o ń wò mí báyìí?"

"Ohun tí o ṣe fún ìyá rẹ lo ṣe fún Bàbá. Inú rere lo fi ṣe é, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù. Ìgbésí ayé yìí ti kọ́ ọ láti máa sin ènìyàn rẹ láti òkèèrè. Màmá mi ń lọ sí àádọ́rin ọdún, Ewan. N kò fẹ́ kí òdòdó dúró níbi orí rẹ̀."

"Ṣé o kò fẹ́ràn mi mọ́ ni?"

"Mo fẹ́ràn rẹ. N kò lè fẹ́ ọ."

 Ewan yọ ulos náà nínú báàgì rẹ̀, ó nà án sí Rotua. Tiur ló jáde láti inú ilé, ó gbà á, ó sì gbé e padà sí èjìká Ewan.

"A kì í dá ulos padà. Ọkọ Rotua ni o kò ní jẹ́. Ọmọ wa ṣì ni ọ́. Wá jẹun, kí n mú ọ lọ wo bàbá rẹ."

Ó jẹun, omijé ń kán sínú abọ́. Lẹ́yìn náà, òun àti ìyá arúgbó náà gba ọ̀nà ibojì lọ. Rotua kò tẹ̀lé wọn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ẹ̀yìn wọn kò fi hàn mọ́, ó sì ń gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń gbá òdòdó tó ti rẹ̀ dànù ní iwájú ilé.

Ìwọ tí o ka ìtàn yìí, kí Olúwa bùkún àtilọ rẹ àti àbọ̀ rẹ. Kí ipò rẹ má ṣófo lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń wá ọ. Kí òdòdó má sì ṣe ṣáájú ọmọ dé ilé rẹ. Àmín.